Ìwé Òfin Tí Mo Kọ fún Oníkẹ̀kẹ́

Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Mi ò sọ ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gba gbogbo ìgboro kan báyìí o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, èyí téèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀. Ayétòrò ni mò ń gbé nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà sì wà ní abúlé kan lọ́nà Ìmàsáyì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí mo bá ti yọ láàárọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò lábẹ́ yẹ̀rì mi, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkòríta á ti bẹ̀rẹ̀: "Màmá Tíṣà, ẹ rọra sáré o, ẹ má fi eruku pa wá!" Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo fi gbọ́ ọ. Kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan.

Bàbá mi ló kọ́ mi. Ajíhìnrere ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, ìjọ mẹ́rin tó wà ní oko ni wọ́n ń bójú tó, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń lọ láti ọ̀kan dé òmíràn. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ, mo ṣubú títí orúnkún mi fi bó. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan títì ọlọ́dà àfìgbà tí mo lè ka òfin sí wọn létí láìṣì í kà: apá ọ̀tún ni kí n máa gbà, kí n na ọwọ́ kí n tó yà, kí èmi àti oníkẹ̀kẹ́ mìíràn má gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kí n má di ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mú kó máa fà mí lọ. Wọ́n ní apá òsì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, àti pé lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ìjọba yí i padà, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń rò ó, wọn ò gun kẹ̀kẹ́ títí oòrùn fi ga. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. Wọ́n sọ fún mi pé, "Bó o bá ti dé ojú títì, ìwọ náà ti di ọkọ̀. Ohun tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe, má ṣe é. Àyè tí ọkọ̀ ní, ìwọ náà ní in."

Èmi pa òfin mọ́. Àwọn tó kù lójú ọ̀nà ni mi ò mọ irú èyí tí wọ́n kọ́ ní ilé tiwọn. Àwọn ọkọ̀ onífàyàwọ́ tó ń bọ̀ láti ibodè kò ní nọ́ńbà níwájú, wọn ò ní in lẹ́yìn, ẹrù á wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé ìdí wọn ń ha ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń yà fún kòtò, orí oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń yà sí. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ á na orí síta, á tutọ́. Lọ́jọ́ kan, ike omi tí ọkùnrin kan tọ̀ sínú rẹ̀ ni wọ́n jù látojú fèrèsé, ó bẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo dé kíláàsì pẹ̀lú ìtọ̀ àjèjì lára ṣòkòtò mi. Mo fi omi garawa àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wẹ ẹsẹ̀, mo sì kọ́ wọn ní ìṣirò.

Láàárín oṣù díẹ̀, ọkọ̀ pa oníkẹ̀kẹ́ méjì lójú ọ̀nà wa. Àwọn èèyàn ìlú wá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ààbò ojú pópó. Wọ́n fi ọkùnrin kan ṣe alága, ẹni tó ní àwọn típà tó ń kó òkúta àti yanrìn. Ọlọ́lá ni wọ́n pè é. Òun ló bá ilé-ẹ̀kọ́ wa kan òrùlé sórí kíláàsì méjì tí atẹ́gùn ti ṣí, nítorí náà, bó bá sín, ọ̀gá àgbà wa á kí i. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa fi "wọ́n" bọlá fún ẹni tó jù mí lọ, ọkùnrin náà sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí. Mi ò ní fi "wọ́n" pè é níhìn-ín.

Alága yìí ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé wọn. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ̀yin náà lẹ tún ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ bá wa kọ òfin tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí á máa tẹ̀ lé. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kó lè yé wọn."

Inú mi dùn. Kí n má purọ́, inú mi dùn gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ojú ìwé méjì ló jẹ́. Lójú ìwé kìn-ín-ní, mo kọ gbogbo ohun tí bàbá mi kọ́ mi, mo fi kún un pé kí kẹ̀kẹ́ ní bíréèkì méjèèjì àti aago, kó ní iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ẹrù má ga ju ojú ẹni tó ń gùn ún. Lójú ìwé kejì, mo kọ ti awakọ̀: kó dẹwọ́ eré bó bá fẹ́ kọjá lára kẹ̀kẹ́, kó fi àyè tó tó apá àgbàlagbà méjì tó nà tán sílẹ̀, kó má tẹ fèrè mọ́ oníkẹ̀kẹ́ létí, kó má ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ ní iwájú rẹ̀.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kà á fún wọn. Nígbà tó dé ojú ìwé kejì, Alága gbé ọwọ́ sókè.

"Eléyìí ti gùn jù. Ti awakọ̀, ẹgbẹ́ awakọ̀ á ṣe tiwọn. Oníkẹ̀kẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn."

Mo ní, "Sà, kẹ̀kẹ́ kọ́ ló ń pa ọkọ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó gba ojú ìwé kejì lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ ìgò mọ́ọ̀tì tó ń mu kí omi ara ìgò má bàa rin tábìlì. Mo jókòó, mò ń wo bí íńkì mi ṣe ń tàn ká. Nígbà tí ìpàdé parí, mo sọ pé, "Ẹ ṣé o, sà." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi.

Wọ́n tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo, wọ́n pín in ká.

Àgbẹ̀ kan wà tí a jọ máa ń pàdé lójú ọ̀nà, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá fún ìyàwó wọn tó ń yan gàrí. Bàbá yìí kò mọ̀wé. Wọ́n mú ìwé tí wọ́n pín náà wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì kejì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìwọ lo kọ ọ́. Kà á fún mi."

Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, wọ́n ń bá mi kà á lórí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀kẹ́ bàbá náà ti yàtọ̀. Wọ́n ránni lọ ra aago fún un ní òdìkejì ibodè, aago irin tó ń dún gbọnrangandan. Wọ́n so gíláàsì pupa mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń dì gogoro tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù, wọ́n wá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ yà sí ọ̀nà oko, wọ́n á na ọwọ́ gbọọrọ bí ẹni ń bú ìyá ẹnì kan. Àwọn ọlọ́kadà fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí. Bàbá kò wò wọ́n. Bí a bá pàdé, wọ́n á lu aago wọn fún mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà á lu tèmi.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn wọn ni mo wà, kò jù bí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé orí pẹpẹ lọ. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti là, ojú ọ̀nà mọ́ kedere. Típà kan ń bọ̀ níwájú wa ní apá tirẹ̀, ó ń rọra rìn nítorí ẹrù. Lójijì, jíìpù dúdú kan yọ lẹ́yìn típà náà, ó fẹ́ yà á sílẹ̀, ó sì bọ́ sí apá tiwa pátápátá. Bàbá lu aago. Mo gbọ́ ọ, ó dún, ó dún. Wọ́n fa kẹ̀kẹ́ sí etí ọ̀dà débi tó lè dé. Jíìpù náà kò dẹwọ́. Imú rẹ̀ kọ lu kẹ̀kẹ́, mo rí ẹ̀gẹ́ tó fò sókè, mo rí bàbá náà pẹ̀lú, wọ́n ṣubú sínú gọ́tà.

Mo ju kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀, mo sáré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń sọ pé, "Apá ọ̀tún ni mo wà. Apá ọ̀tún ni mo wà."

Jíìpù náà dúró níwájú. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ni Alága ìgbìmọ̀ ààbò. Àwo iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ wò. Ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ. Lẹ́yìn náà ló tó wá wo inú gọ́tà.

"Ṣé ẹ ò rí ọkọ̀ ni? Kí ni kẹ̀kẹ́ ń wá lójú títì ńlá? A ò ha ṣe ìwé fún yín?"

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Mo rò pé ẹnì kan á bá bàbá náà sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alága, Ọlọ́run ló yọ yín o." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi jíìpù gbé wọn dé ọsibítù. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó wo ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti pẹ́ níbi tí òun ń lọ, kí a wá ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà! Fún ẹni tí egungun rẹ̀ ti yọ síta! Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó lọ. Èmi àti obìnrin kan tó ń lọ sí oko la gbé bàbá náà sórí pákó, kí ọkọ̀ tó ń kó òroǹbó tó wá ṣàánú wa.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, èmi ti rò pé ó ti parí fún Alága. Òun náà ló jókòó sórí àga alága. Akọ̀wé mú ìwé òfin jáde, ìwé tèmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ṣé kẹ̀kẹ́ bàbá náà ní bíréèkì méjèèjì? Ta ló lè jẹ́rìí sí i? Ṣé aago wà lára rẹ̀? Ẹni tó lọ wo kẹ̀kẹ́ náà sọ pé kò rí aago kankan lára rẹ̀. Ó dájú pé kò lè rí i. Inú koríko ló fò sí, èmi fúnra mi ló wá a rí níjọ́ kejì, ó wà nínú báàgì mi lórí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ kí bàbá náà má bàa kú ni wọ́n fi ń dá a lẹ́bi.

Mo fẹ́ dìde. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ kàn mí nígbọ̀nwọ́, ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Kíláàsì mẹ́ta ló kù tí kò lórùlé." Mo jókòó padà.

Ẹ gbọ́ ọ. Mo jókòó padà, pẹ̀lú aago nínú báàgì.

Àkọ́bí bàbá náà, ọkùnrin tó ti lọ́mọ mẹ́rin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alága. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú, bàbá òun ti darúgbó, ojú wọn kò ríran mọ́. Ìgbà yẹn ni ohùn jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Apá ọ̀tún ni wọ́n wà. Mo rí wọn. Aago náà nìyí." Mo gbé e sórí tábìlì. Akọ̀wé wá ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àdúrà." Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n dúpẹ́ pé kò la ẹ̀mí lọ. Alága ló ṣe àmín tó gùn jù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó gbé àpò ìrẹsì kan lọ fún bàbá náà nílé, pẹ̀lú ẹni tó ń yàwòrán. Wọ́n gbé bàbá náà jókòó sí ìta, ẹsẹ̀ wọn nínú símẹ́ǹtì funfun, ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Alága dúró lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé èjìká wọn. Mi ò ka ìyẹn sí. Àwọn olówó ti máa ń ṣe irú rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ohun tí mo bá ní kíláàsì mi ní ọjọ́ Ajé kan. Ìgbìmọ̀ ti tẹ ìwé tuntun, bébà ńlá aláwọ̀ mèremère, ọ̀gá àgbà sì ti lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri lókè pátákó. Wọ́n ti gé Alága kúrò nínú àwòrán náà. Bàbá nìkan ló kù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ símẹ́ǹtì wọn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ SÍ ONÍKẸ̀KẸ́ TÓ RÚ ÒFIN NÌYÍ. Ọwọ́ Alága ṣì wà lórí èjìká bàbá náà, ìka mẹ́rin tí wọ́n gbàgbé láti gé kúrò.

Mo gun àga, mo ya á lulẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Kí aago ilé-ẹ̀kọ́ tó lù, ọ̀gá àgbà ti fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ.

Mo kó èyí tí mo ya lọ sọ́dọ̀ bàbá náà. Mi ò fẹ́ fi hàn wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́ pé kí n mú un wá. Ìyàwó wọn ló ti gbọ́ lọ́jà. Wọ́n ní kí n tò ó pọ̀ sórí ẹní. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀."

"Ọmọ mi, ìwọ lo ka ti àkọ́kọ́ fún mi. Ka èyí náà."

Mo kà á. Mi ò rò pé mo ti ka ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Bàbá náà rọra mi orí. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni ìpàdé ìgbìmọ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé, wọ́n wá. Igi ni wọ́n fi ń rìn, ọmọ wọn kò sì tẹ̀ lé wọn; ó ní ojú ń ti òun. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá kò jókòó. Wọ́n dúró sí iwájú tábìlì, wọ́n sọ pé:

"Alága, mo wá dúpẹ́ ìrẹsì. A ti sè é, a ti jẹ ẹ́, mi ò lè dá a padà fún yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ dá tèmi padà. Àwòrán mi ni mo wá gbà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ni, ó dákẹ́. Alága ní, "Bàbá, fún ire gbogbo ìlú ni o."

"Bí ó bá jẹ́ fún ire ìlú, ẹ lẹ tiyín mọ́ ògiri. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ bọ́ sí apá mi. Gbogbo òfin tí wọ́n kà fún mi ni mo pa mọ́. Mo ti rìn lójú ọ̀nà yìí kí ẹ tó mọ ṣòkòtò wọ̀. Ẹ kó o fún mi."

Akọ̀wé dìde, ó kó ìyókù bébà náà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òdidi ìdì kan, mo gbé e jáde. Bàbá kò dúró gbọ́ àdúrà. Ìyàwó wọn fi gbogbo rẹ̀ dáná gàrí níjọ́ kejì, ó ní bébà tó nípọn bẹ́ẹ̀ dára fún ìdáná.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a borí. Èyí tí wọ́n ti lẹ̀ káàkiri kò padà, òjò ló yọ wọ́n. Alága ṣì ni alága. Ẹsẹ̀ bàbá náà jinná ní wíwọ́, wọn ò lè tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́, ìyàwó wọn ló ń san owó ọ̀kadà kí ẹ̀gẹ́ tó délé. Ọmọ wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní mo fi bàbá òun ṣe ìjà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Ní ti ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, mo kọ èsì rẹ̀ ní gbólóhùn kan: mo ya á nítorí pé irọ́ ni. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ẹ̀gùá, níbi tí wọ́n rò pé ọ̀nà jíjìn á ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ọ̀nà ibẹ̀ burú ju ti Ìmàsáyì lọ. Erùpẹ̀ pupa ni, àwọn onífàyàwọ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé jálá epo kọjá kò sì mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn tì mí sínú igbó, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Mo dìde, mo gbọn yẹ̀rì mi. Mo tutọ́ sí ọ̀nà tó gbà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà, mo sì gun kẹ̀kẹ́ mi.